Lẹ́tà Kẹta ní Pápá Gọ́ọ̀fù

Bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé ayé dùn nígbà owó epo, mo máa ń dákẹ́ ni. Ayé dùn lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìjọba kò mọ ohun tí wọn yóò fi owó ṣe mọ́, ni wọ́n bá ń kó àwa òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, pé kí a lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Àní èmi tí mò ń wọn ilẹ̀ lásán, tí mò ń fa okùn kiri inú igbó Ìgándò àti Ìkọ̀tún, tí ejò fẹ́rẹ̀ẹ́ bù jẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n lọ lo oṣù mẹ́rin ní Scotland. Mo rán kóòtù, mo ra àpótí tuntun, mo ń yan kiri Akọ́wọ́njó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba. Tí mo bá rántí ìyan yẹn lónìí, ojú a tì mí.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó pẹ̀lú ṣíbí ìmọlé kan àti aṣọ méjì. Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ìwọ̀n àpò ìrẹsì kan fẹ́ kọ́lé sí i, iṣẹ́ di púpọ̀ fún un láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìṣẹ̀rí. Ó kọ́lé fún wọn títí sìmẹ́ńtì fi wọ inú àyà rẹ̀. Ilé tiwa fúnra rẹ̀, yàrá mẹ́ta, kò rẹ́ ògiri rẹ̀. Bí ìyá mi bá ń ráhùn, bàbá mi á ní, “Ògiri ló ń jẹun ni? Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ jẹun ná jàre.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ á gbé e, á fọwọ́ ti ògiri tí kò rẹ́ náà, á máa wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ikọ́ yẹn ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ọjọ́ tí mò ń lọ, ó jókòó síwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀, ó gbàdúrà lé mi lórí pẹ́, ó wá fi ẹ̀rín kún un: “Dìde, máa lọ. Sìmẹ́ńtì tí mo ti gbé mì, ó tó láti dè mí mọ́ ayé.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀rù ba mí. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí n bá bàbá mi láàyè.

Ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ kejì tí mò ń ṣe nígbà náà, nítorí òun ló fa gbogbo rẹ̀. Èmi ni mò ń bá àwọn ará àdúgbò wa kọ lẹ́tà. Àwọn tó ní ọmọ lókè òkun pọ̀ láyé ìgbà náà, àwọn tó mọ̀wé kọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọn á tò síwájú yàrá mi, oníkálukú pẹ̀lú ìwé àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ bí àwa ṣe ń ṣe: a kì í túfọ̀ nínú lẹ́tà fún ẹni tó wà lájò. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá kú, a ó pa á mọ́ títí yóò fi dé, kó má baà gbọ́ ọ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò dì í mú.

Ìyá kan wà tó ń ta ògì, ilé kẹta sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn ọkùnrin ń kàwé ní Jámánì. Odidi ọdún méjì ni mo fi kọ ìkíni òkú yẹn. Mo mú un kí ọmọ rẹ̀ kú ìtúnu ààwẹ̀, mo mú un kí i kú ọdún iléyá, mo ní ara rẹ̀ le bíi ti ọmọdé. Ọwọ́ mi ti gbà á débi pé mi ò gbọ̀n mọ́. Àfi ọjọ́ tí ìyá náà sọ pé, “Kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ní kó fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sóun, kó lè dá a lójú.” Mo gbé bírò lé ìwé, bírò kò lọ. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò ṣeé kọ. Òkú lè kíni. Kò lè rán èèyàn níṣẹ́.” Ìyá náà wò mí títí, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ó sì fi etí ìró nu ojú.

Láti ìgbà náà ni mo ti sọ ọ́ di òfin fún ara mi: nínú lẹ́tà tí a fi bo òkú mọ́lẹ̀, òkú á kíni, kò ní bèèrè nǹkan kan. Nígbà tí mò ń lọ, tí mo fi iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ lé àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́, tíṣà ni, mo kọ́ òun náà ní òfin yẹn. Mo fi yangàn pàápàá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí kì í bèèrè nǹkan ní tiẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó dé bá mi ní Scotland, ó ní kí n ra bàtà òjò fóun, dúdú, kó má fún òun lẹ́sẹ̀. Kí n sì wá igi tí àwọn bíríkìlà òyìnbó fi ń wo bí ògiri ṣe tẹ́jú sí, èyí tó ní omi nínú dígí. Lẹ́tà kejì, ó rán mi létí bàtà òjò, ó tún fi fìlà òtútù kún un, àti oògùn ikọ́ tó dùn lẹ́nu. Mo kùn nígbà tí mo kà á. Mo ní ṣé ọjà ni mo wá ná ni. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ẹni tó ń bèèrè bàtà òjò ṣì ní òjò tó fẹ́ rìn nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni lẹ́tà kẹta dé. Mo ń gbé nílé bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó dákẹ́ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó kíyè sí i pé inú yàrá ni mo máa ń jókòó sí ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀, tí mò ń gbọ̀n. Ó ní kí n múra, kí n bá òun lọ sí pápá gọ́ọ̀fù. Mo ní mi ò ní owó ẹgbẹ́ olówó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti ìlú ni, ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́, owó kékeré lèèyàn ń san. Bí a ṣe ń jáde ni olùpín-lẹ́tà dé. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé àbúrò mi, mo sọ lẹ́tà náà sápò kóòtù pé mà á kà á tí a bá débẹ̀.

Mi ò tíì rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí ilẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé tí o bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta ní Ìkọ̀tún, ẹnìkan á ti gbin gbágùúdá sí i, ẹnìkejì á ti tà á fún ẹnìkẹta. Ilẹ̀ tí mo rí níbẹ̀ gùn lọ títí, koríko rẹ̀ ga níwọ̀n kan náà, igi ńláńlá dúró ní méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odò tóóró kan ń gba àárín rẹ̀ lọ, òkè aláwọ̀ búlúù wà lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára igi pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Ènìyàn mélòó kan ń rìn kiri inú rẹ̀ pẹ̀lú àpò ọ̀pá lẹ́yìn, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré funfun kan, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ilé onípákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni bàbá onílé mi ti san owó. Gbogbo rẹ̀ dára. Ojú ọ̀run nìkan ló ṣú.

Mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Ọkùnrin kan tẹ̀ ba lórí bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fẹ́ gbá a, èmi sì ń kọjá lọ. Ní ilé wa, ta ni yóò kọjá lára ẹni tó ń ṣe nǹkan tí kò ní kí i? Mo gbé ohùn sókè, mo kí i kú iṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà fò sókè, ọ̀pá rẹ̀ gbá koríko, ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. Bàbá onílé mi fà mí lápá, ó ní tí wọ́n bá fẹ́ gbá a, ńṣe ni gbogbo ènìyàn ń dákẹ́. Mo ní kò burú. Nínú mi, mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń gbé bí òkú yìí náà, ẹ kú ìdákẹ́.

Ó fi mí sórí ìjókòó onígi kan lábẹ́ igi nítòsí odò, ó ní kí n wo òun bí òun ṣe ń gbá tòun. Ibẹ̀ ni mo ti yọ lẹ́tà náà.

Ìyá kí mi, ó ní kí n má gbàgbé léèsì aláwọ̀ ewé. Ìyàwó bàbá kékeré kí mi, ó ní kí n wo aṣọ ọmọ-ọwọ́. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ fẹ́ ìwé àtẹ̀jáde kan. Bàbá kí mi, ara wọn ti ń le sí i. Ó parí. Mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún un kà láti òkè. Gbogbo wọn ló rán mi níṣẹ́, àfi bàbá mi. Kò sọ̀rọ̀ bàtà. Kò sọ̀rọ̀ fìlà. Ara wọn ti ń le sí i: irú gbólóhùn tèmi gan-an nìyẹn, èmi ni mo kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bàbá mi ti kú.

Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi kó yé ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣe rí. Mo fẹ́ ké, mo sì rántí pé wọ́n ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pariwo. Mo ń wo àwọn ènìyàn tí wọ́n ń rìn lórí koríko, ara wọn balẹ̀, mo sì kórìíra gbogbo wọn láìṣẹ̀ láìrò. Mo kórìíra bàbá onílé mi pàápàá, tó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, tó ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, tí kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí mo lè gbéra, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí odò náà. Mo ṣe àlùwàlá, omi náà gé mi lọ́wọ́ bí abẹ. Mo wọ ẹ̀yìn àwọn igi, mo bọ́ bàtà, mo wá ibi tí gábásì wà, mo sì kírun òkú fún bàbá mi. Ìrun tí kò ní ìtẹ̀ba, tí kò ní ìforíkanlẹ̀. Mo dúró, mo pe Allāhu Akbar lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo bẹ Ọlọ́run kó fẹ sàréè rẹ̀, kó fi ìmọ́lẹ̀ sí i, kó dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Bọ́ọ̀lù ẹnìkan bọ́ sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi kí n tó sálámà. Nígbà tí mo yíjú, bàbá onílé mi ló dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Ó bi mí pé ṣé kò sí láburú nílé. Mo ní gbogbo wọn wà dáadáa. Ẹ wò ó bó ṣe yá tó lẹ́nu mi.

Mo lè fi wáyà ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ jẹ́ ènìyàn dáadáa, tí mo bá sọ fún un, ìjọba ìgbà yẹn kò ní ṣahun ìwé ọkọ̀ òfurufú. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ tí ènìyàn bá kú là ń sin ín. Kí ni mo fẹ́ sáré lọ bá? Àti pé bí àwọn ènìyàn rẹ bá fi nǹkan pa mọ́ fún ọ nítorí ìfẹ́, o kì í já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ńṣe lo máa ń bá wọn di ẹrù náà mú. Ó jọ ọgbọ́n lójú mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó, mo fèsì lẹ́tà náà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo kí ìyá mi dáadáa. Mo ní mo ti rí léèsì aláwọ̀ ewé. Mo ní ẹ bá mi kí Bàbá, nítorí bí mi ò bá kí i, wọn á fura. Ibẹ̀ ni mo dúró. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sílé, bí mo ṣe máa ń parí rẹ̀ ni pé, “Bàbá, ẹ má gbàgbé mi nínú àdúrà yín.” Lọ́jọ́ yìí, bírò mi tún kọ̀. Ènìyàn kì í ní kí òkú gbàdúrà fóun. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, mo fi òǹtẹ̀ lé e.

Mi ò ra bàtà òjò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ààbọ̀ tó kù, mo ṣe é bí ẹrú. Mo ń lọ sí kíláàsì, mo ń bọ̀. Bàbá onílé mi tún mú mi lọ sí pápá náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ń tẹ̀ lé e láìsọ̀rọ̀, ó sì sọ pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ wàyí. Mi ò retí lẹ́tà kankan, lẹ́tà kankan kò sì dé. Ìyẹn náà, mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Àbúrò mi ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú bàbá kékeré wa. Bó ṣe rí mi, ó bú sẹ́kún. Mo dì í mú, mo ní kó má sunkún, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ó dákẹ́ lójijì, ó wò mí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín?” Mo ní lẹ́tà rẹ ni. Kò yé e, bàbá kékeré sì ní kí a jẹ́ kí a délé ná.

Ìyá mi wà nínú yàrá, ó wọ aṣọ opó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò pọ̀ láti Scotland, pé ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù, pé Ọlọ́run yóò fi ọ̀run kẹ́ wọn. Ó dáhùn àmín. Ó wá sọ pé, “Ó mà dùn mí o, pé o kò bá fídáù ọjọ́ kẹjọ. Àná la ṣe é.”

Mo rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lọ́kàn rú. Mo yíjú sí àbúrò mi. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àná ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kú.”

Mo jókòó sílẹ̀. Mo bi í pé lẹ́tà kẹta ń kọ́, kí ló dé tí Bàbá kò fi rán mi ní nǹkan kan. Ó ní, “Wọ́n ló tó. Ọjọ́ yẹn, ara wọn yá gan-an ni, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, wọ́n ń rẹ́ ògiri yàrá yín. Mo ní, ‘Bàbá, ẹ ò ní dárúkọ bàtà yín?’ Wọ́n ní owó ọmọ àwọn ti ń lọ jù, kí n ṣáà bá àwọn kí yín.”

Ìyá mi ń mi orí. Ó ní ikọ́ tún padà dé, ó sì le, ṣùgbọ́n pé lẹ́tà mi dé bá Bàbá, pé wọ́n kà á sí i létí lórí ẹní. Bàbá ní kí wọ́n tún un kà. Ìgbà tí wọ́n kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, ó bèèrè pé, “Kò ní kí n gbàdúrà fóun?” Wọ́n ní rárá. Ó ní, “Kò burú. Ọwọ́ rẹ̀ dí ni.”

“Kí ló dé ná?” ni ìyá mi bi mí. “Ìwọ tí o kì í gbàgbé.”

Mo wo ojú ìyá mi. Ìrun tí mo kí lẹ́yìn àwọn igi wọ̀nyẹn dé ẹnu mi, mo sì gbé e mì. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Mo ní, “Mo gbàgbé ni, Ìyá.”

Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní kí n má ba ara mi jẹ́, pé bàbá mi gbàdúrà náà fún mi bẹ́ẹ̀ náà, láràárọ̀, títí ohùn rẹ̀ fi lọ.